Ìrora Abẹ́ àti Ìsàlẹ̀ Ìdí Nígbà Tí A Bá Ń Fi Oògùn Oorun Sílẹ̀

Bí ẹ bá ṣí ìwé yìí sí orí yìí nítorí pé ẹ ti pinnu láti da Valium tàbí Lexotan yín sí ṣáláńgá lálẹ́ òní, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì dà á. Ẹni tó ti ń lo oògùn oorun lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù mélòó kan, tó wá já a sílẹ̀ lójijì, gìrì bíi ti wárápá lè gbé e láàárín ọjọ́ díẹ̀, gìrì náà sì lè mú ẹ̀mí lọ. Ìrora tó ń jó yín lábẹ́, tó sọ ìjókòó di ìyà, burú gan-an, mi ò sì ní fojú kéré rẹ̀. Ṣùgbọ́n òun kọ́ ló ń pani. Jíjá oògùn sílẹ̀ lójijì ló lè pani. Nítorí náà ẹ ṣì máa lo ìwọ̀n tí ẹ ń lò, ẹ ka orí yìí tán, kí ẹ sì mú un lọ bá dókítà.

Àwọn ará Ararọ̀mí-Obù àti abúlé tó yí i ká ní ìjọba ìbílẹ̀ Òdìgbó, ìpínlẹ̀ Oǹdó, ni mo ní lọ́kàn. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ kì í fún ìsàlẹ̀ ìdí ní ìsinmi. Ọlọ́kadà wà lórí alùpùpù láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ìyá tó ń tajà wà lórí àpótí pákó. Awakọ̀ tó ń gba Orè kọjá láti Èkó lọ sí Bìní lè wà nídìí ọkọ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí láìsọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó ń gba oje lára igi rọ́bà ń bẹ̀rẹ̀, ó ń dìde, láti ìdájí; ẹni tó ń fọ́ kòkó jókòó sórí ìtì igi. Nígbà tí oògùn oorun bá wá ń jáde lára irú ẹni bẹ́ẹ̀, ibi tí iṣẹ́ ti ń ni lára tẹ́lẹ̀ ni ara á ti kọ́kọ́ ké.

Oògùn tí à ń sọ

Ìdílé kan náà ni gbogbo wọn: diazepam, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Valium, bromazepam, tí í ṣe Lexotan, lorazepam, tí í ṣe Ativan, alprazolam, tí í ṣe Xanax. Leo Sternbach, onímọ̀ kẹ́míkà ní ilé iṣẹ́ Hoffmann-La Roche, ló ṣàwárí àkọ́kọ́ nínú wọn. Librium dé ọjà ní 1960, Valium tẹ̀ lé e ní 1963. Nígbà náà, ọ̀pọ̀ dókítà gbà pé oògùn tí kì í di bárakú ni. Ọdún 1984 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kó wọn sábẹ́ àdéhùn 1971 tó ń ṣàkóso àwọn oògùn tó ń kan ọpọlọ. Ní 2020, FDA, àjọ tó ń ṣàkóso oògùn ní Amẹ́ríkà, pàṣẹ pé kí ìkìlọ̀ tó lágbára jù lọ nípa ìdibárakú àti ìnira ìjáwọ́ wà nínú ìwé tó ń bá gbogbo wọn rìn.

Lọ́dọ̀ wa, ìwé dókítà ló yẹ kí èèyàn fi rà á. Gbogbo wa mọ bó ṣe ń lọ. Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kú, tí kò rí oorun sùn, wọ́n á fún un ní Valium 5. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, wọ́n á fi kún oògùn rẹ̀ kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀. Èyí tó ń dùn mí jù ni oògùn ẹ̀yìn-ríro tí wọ́n ń bù pọ̀ sínú ọ̀rá kékeré fún àgbẹ̀: hóró funfun kan, pupa kan, òmíràn aláwọ̀ ìyeyè, kò sí orúkọ lára ìkankan. Àgbẹ̀ lè máa lo diazepam fún ọdún méjì láìgbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Lọ́jọ́ tí owó bá tán, tí kò lè ra ọ̀rá náà mọ́, ọwọ́ á máa gbọ̀n, oorun á dá lójú rẹ̀, abẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í jó, àwọn èèyàn á sì ní ayé ló ń bá a jà.

Bí ẹ bá ń lo irú àpòpọ̀ bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ àkọ́kọ́ yín nìyẹn. Ẹ padà sọ́dọ̀ ẹni tó tà á, kí ẹ béèrè orúkọ hóró kọ̀ọ̀kan àti ìwọ̀n rẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ fi pẹ̀lẹ́tù béèrè. Ẹ ní dókítà ló ní kí ẹ wá béèrè, pé ẹ kò wá jà. Bí ẹ bá bá a fa ọ̀rọ̀ pẹ́nrẹ́n, kò ní sọ òótọ́ fún yín, òótọ́ yẹn ni ẹ sì nílò ju ohunkóhun lọ.

Ìdí tí abẹ́ fi ń jó

Nínú ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn, ohun kan wà tí wọ́n ń pè ní GABA. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dá àwọn iṣan ìmọ̀lára lẹ́kun kí wọ́n má bàa ké ju bó ṣe yẹ lọ. Oògùn oorun ń ran GABA lọ́wọ́. Bí ìrànlọ́wọ́ náà bá wá pẹ́, ara á gbára lé e, á sì dẹ ọwọ́ nínú ti ara rẹ̀. Nígbà tí oògùn bá ń lọ, ara kò tíì rí agbára rẹ̀ àtijọ́ gbà padà, nítorí náà iṣan tó ti ń dákẹ́ á máa pariwo, ìfọwọ́kàn díẹ̀ á dà bí ìgbóná. Ẹran ara náà á tún le. Diazepam máa ń dẹ ẹran ara. Bó bá ti ń dín kù, àgbọ̀n, èjìká, ẹ̀yìn àti ìsàlẹ̀ ìdí á há.

Iṣan ìmọ̀lára kan wà ní ìsàlẹ̀ ìdí, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, tí àwọn dókítà ń pè ní pudendal. Ó ti ìsàlẹ̀ ọ̀pá ẹ̀yìn jáde, ó gba àárín okùn líle méjì tó de eegun ìbàdí, ó wọ ọ̀nà tóóró kan tí wọ́n fi orúkọ Alcock pè, kó tó pín sí ojú ara, àárín itan àti ẹnu ihò ìdí. Bí ẹran ara tó yí i ká bá há, tàbí tí èèyàn bá jókòó tẹ̀ ẹ́ fún wákàtí púpọ̀, á máa ro. Ní 1987, dókítà ará Faransé kan, Gérard Amarenco, ṣàpèjúwe rẹ̀ lára ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́. Ohun tí ìjókòó kẹ̀kẹ́ ń ṣe ni ìjókòó ọ̀kadà náà ń ṣe, kòtò ojú ọ̀nà wa sì ń fi kíkàn kún un.

Ìrora náà máa ń jó bí ata. Ó lè máa gún èèyàn fìrí fìrí. Ó lè ṣe èèyàn bíi pé nǹkan kan há sínú ihò ìdí, ó lọ sílé ìgbẹ́, kò rí nǹkan kan yà. Ìtọ̀ lè máa gbọ̀n ọ́n lemọ́lemọ́ nígbà tí kò sí ìtọ̀ púpọ̀ nínú àpò. Ọkùnrin lè máa rò pé okó òun ń kú. Obìnrin lè máa rò pé ilé ọmọ ni. Ní 2008, àwọn dókítà ìlú Nantes ní Faransé gbé àmì márùn-ún kalẹ̀ fún un: ìrora náà wà níbi tí iṣan yẹn dé, ìjókòó ń mú un le, kì í jí èèyàn lójú oorun, awọ ibẹ̀ ṣì ń mọ ìfọwọ́kàn nígbà tí dókítà bá yẹ̀ ẹ́ wò, abẹ́rẹ́ apàrora tí wọ́n gún sí ẹ̀bá iṣan náà sì ń mú un rọlẹ̀. Mẹ́ta àkọ́kọ́ wà lọ́wọ́ yín láti yẹ̀ wò nílé. Ẹ tún wo èyí: bí ara bá tù yín nígbà tí ẹ bá jókòó lórí àwo ilé ìgbẹ́, níbi tí àárín ìdí kò ti kan nǹkan kan, tí ó sì padà le nígbà tí ẹ bá bọ́ sórí àga, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ iṣan náà ni.

Ẹ kọ́kọ́ lọ ṣe àyẹ̀wò

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ìwé pinnu pé iṣan ni. Ìrora abẹ́ lè wá láti inú àpò ìtọ̀ tó ní kòkòrò, láti ara ẹṣẹ́ ọkùnrin (prostate) tó wú, ìju, àrùn inú ilé ọmọ, àtọ̀gbẹ tó ti ń ba iṣan jẹ́, tàbí jẹ̀díjẹ̀dí tó yọ síta. Ẹni tó ń wẹ̀ lódò, tó ń tọ ẹ̀jẹ̀, gbọ́dọ̀ ṣe àyẹ̀wò fún àtọ̀sí ajá. Àrùn yẹn wà ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, oògùn praziquantel sì ń wò ó. Àyẹ̀wò ìtọ̀, àyẹ̀wò ṣúgà àti àwòrán inú ikùn ni ẹ máa fi bẹ̀rẹ̀. Wọn kì í wọ́n jù, wọ́n sì ń pa ọ̀pọ̀ ìfura.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kan tó ń kó ọ̀pọ̀ èèyàn sí wàhálà. Níbi púpọ̀, ẹni tó bá ti ní abẹ́ òun ń jó, "staph" ni wọ́n á ní ó ní, ciprofloxacin ni wọ́n á sì fún un. Bí kò bá lọ, wọ́n á tún fún un. Ciprofloxacin àti àwọn ẹbí rẹ̀ tí orúkọ wọn parí sí "floxacin" lè gbógun ti iṣẹ́ tí oògùn oorun ń ṣe nínú ọpọlọ, kí wọ́n sì mú ìnira ìjáwọ́ le sí i. Ní 2013, àjọ FDA tún fi ìkìlọ̀ tó le sí i pé wọ́n lè ba iṣan ìmọ̀lára ọwọ́ àti ẹsẹ̀ jẹ́. Mi ò sọ pé kí ẹni tí àyẹ̀wò fi kòkòrò hàn lára rẹ̀ kọ oògùn. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ẹ má gbà á láìsí àyẹ̀wò, kí ẹ sì sọ fún dókítà pé ẹ ń dín oògùn oorun kù, kó lè yan òmíràn bó bá ṣeé ṣe.

Àwọn àmì kan wà tí kò ní gba sùúrù. Bí àárín itan bá kú tipiri tí ẹ kò mọ ìfọwọ́kàn níbẹ̀ mọ́, bí ìtọ̀ bá há tàbí ó ń dà láìmọ̀, bí ìgbẹ́ bá ń yọ láìmọ̀, bí ẹsẹ̀ bá ń rọ, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí wọ́n gbé yín lọ sílé ìwòsàn ńlá, ì báà jẹ́ òru. Bẹ́ẹ̀ náà ni ibà pẹ̀lú ìrora ikùn, gìrì, àti ìrírí tí èèyàn ń rí ohun tí ẹlòmíràn kò rí. Ìrora tó bá ń jí yín lóròòru, tàbí tí ẹ ń rù pẹ̀lú rẹ̀, gbọ́dọ̀ ní àyẹ̀wò tó jinlẹ̀.

Bí a ṣe ń dín in kù

Ọ̀jọ̀gbọ́n Heather Ashton, tó darí ilé ìwòsàn ìjáwọ́ nínú oògùn yìí ní Newcastle ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1982 sí 1994, ló kọ ìwé tí ọ̀pọ̀ dókítà ṣì ń tẹ̀ lé; ó kọ́kọ́ jáde ní 1999. Ohun tó rí lára àwọn aláìsàn rẹ̀ ni pé ẹni tó bá ń lọ díẹ̀díẹ̀, tó sì fúnra rẹ̀ ń sọ bó ṣe máa yá tó, ló ń débẹ̀. Ìwọ̀n tó wọ́pọ̀ ni pé kí a máa yọ ìdá 5 sí 10 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí èèyàn ń lò, ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin.

Ẹ jẹ́ ká wò ó pẹ̀lú hóró. Ẹni tó ń lo diazepam mílígíráàmù 10 lálẹ́, mílígíráàmù 1 ni ìdá 10 rẹ̀. Hóró 5 tí a pín sí mẹ́rin, ìdá kan rẹ̀ jẹ́ 1.25, ó ti fi díẹ̀ pọ̀ jù, nítorí náà ẹni tí kò bá rí òmíràn gbọ́dọ̀ dúró fún oṣù kan gbáko lórí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Hóró 2 sàn, torí ìlàjì rẹ̀ jẹ́ 1 géérégé. Ẹ ní kí apòògùn bá yín wá a. Bí ẹ bá ti dé 5, ìgbésẹ̀ gbọ́dọ̀ kéré sí i, torí 1 nínú 5 kì í ṣe nǹkan kékeré mọ́. Gbogbo rẹ̀ lè gba ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo mọ̀ pé ó ń dun àwọn kan láti gbọ́ èyí. Ẹni tó fẹ́ parí rẹ̀ lóṣù kan ni ìrora abẹ́ ń dá lóró jù.

Lexotan, Ativan àti Xanax ń tètè kúrò lára ju diazepam lọ, ìyẹn ló ń jẹ́ kí ara máa bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè wọn kí àkókò ìlò tó tún dé. Dókítà lè fi diazepam rọ́pò wọn díẹ̀díẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í dín in kù. Ìṣirò Ashton ni pé diazepam 10 tó nǹkan bíi bromazepam 5 sí 6, lorazepam 1, alprazolam ìlàjì mílígíráàmù. Dókítà ni kó ṣe ìpààrọ̀ náà o, kì í ṣe ẹ̀yin nílé. Aláboyún, ẹni tó ní wárápá, àti ẹni tó ti ní gìrì rí nígbà tó gbìyànjú láti jáwọ́ kò gbọ́dọ̀ dín ohunkóhun kù láìsí dókítà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Bí ìrora bá le sí i lẹ́yìn ìgbésẹ̀ kan, ẹ dúró lójú kan. Ẹ má tún gùn padà sókè lójú ẹsẹ̀, ẹ má sì tún dín in. Ọ̀sẹ̀ méjì, mẹ́ta, kódà mẹ́fà lórí ìwọ̀n kan náà kì í ṣe ìkùnà. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ ìgbésẹ̀ tuntun lásìkò ìkórè kòkó, nínú ọ̀fọ̀, tàbí lọ́sẹ̀ ìdánwò. Lásìkò ààwẹ̀ náà, ẹ dúró lójú kan: Mùsùlùmí lè lo tirẹ̀ ní sààrì àti nígbà ìṣínu, lẹ́yìn tó bá ti bá dókítà sọ ọ́, ẹni tó fẹ́ gba ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ gbọọrọ ní ṣọ́ọ̀ṣì lè sọ fún pásítọ̀ pé òun ń lo oògùn tí kò ṣeé já. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ kó oògùn sórí pẹpẹ, kí ẹ má sì lò ó mọ́ láti ọjọ́ náà, ẹ gba àdúrà, kí ẹ mú oògùn yín dání lọ sílé.

Ìjókòó, omi gbígbóná àti mímí

Ìjókòó ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe, òun ló ń mú ìtura wá kíá. Ẹ wá fóòmù bẹ́ẹ̀dì àtijọ́ tó le díẹ̀, kí ẹ gé e sí ọ̀nà méjì tó gùn tó itan. Ẹ tò wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí àlàfo ìka mẹ́ta wà láàárín wọn láti iwájú dé ẹ̀yìn, kí ẹ fi àǹkárá rán an pọ̀. Nígbà tí ẹ bá jókòó lé e, eegun ìdí méjèèjì á wà lórí fóòmù, àárín kò ní kan nǹkan kan. Ẹ mú un lọ sí ọjà, sí ọkọ̀, sí ilé ìjọsìn. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Kó tó pé ogún ìṣẹ́jú, ẹ dìde, kí ẹ rìn ìgbésẹ̀ díẹ̀. Ìyá tó ń tajà lè gbé ọjà rẹ̀ sórí tábìlì gíga kó máa dúró tà á fún apá kan ọjọ́.

Fún ọlọ́kadà, ọ̀rọ̀ le, torí ibi tí oúnjẹ ti ń wá ni ibi tí ìrora ti ń wá. Bó bá ṣeé ṣe láti fi iṣẹ́ ọ̀sán sílẹ̀ kó máa ṣe ti àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, ó sàn. Kó máa dìde lórí àtẹ̀sẹ̀ nígbà tó bá fẹ́ bọ́ sínú kòtò. Kó má gbé èrò méjì. Ẹni tó bá ń lọ sí Oǹdó tàbí Àkúrẹ́ fún ìtọ́jú, kó sanwó iwájú ọkọ̀ bí agbára bá gbé e, kó dẹ àga sẹ́yìn. Bó bá jẹ́ ọkọ̀ ẹbí, kó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀.

Omi gbígbóná tí àwọn ìyá wa ń gbé ìyá ìkókó jókòó sí wúlò níbí pẹ̀lú, kìkì pé kò gbọ́dọ̀ jóni. Ẹ fi ìgúnpá dán an wò; bí ìgúnpá bá gbà á, abẹ́ á gbà á. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́. Ẹ má bu Dettol sí i, ẹ má bu Izal, ẹ má bu álọ́ọ̀mù. Omi lásán ni. Ẹ má sì fi Robb tàbí Aboniki kan ojú ara. Iṣan tó ń jó tẹ́lẹ̀ kò nílò iná mìíràn.

Mímí dà bí ohun tí kò já mọ́ nǹkan lójú àwọn èèyàn, síbẹ̀ òun ni mo gbà pé ó lágbára jù nínú ohun tí kò gba owó. Ẹ dùbúlẹ̀ fẹ̀yìn tì, ẹ ká orúnkún sókè, kí ẹ gbé ọwọ́ kan lé ikùn. Ẹ fa èémí gba imú títí ikùn á fi gbé ọwọ́ náà sókè. Bó bá ṣe ń gòkè, ẹ jẹ́ kí ihò ìdí dẹ̀, bí ìgbà tí ìtọ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, láìfi agbára ti nǹkan kan. Ẹ tú èémí jáde jẹ́jẹ́, kó pẹ́ ju fífà lọ. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá láàárọ̀, mẹ́wàá lálẹ́. Àwọn kan á ní kí ẹ máa fún ìdí pọ̀ kí ẹ sì tú u, bí wọ́n ṣe ń kọ́ ìyá ọlọ́mọ. Bó bá jẹ́ híhá ló ń dà yín láàmú, ẹ má ṣe é. Dídẹ̀ ni ẹ nílò. Ìforíkanlẹ̀ bí ti ẹni tó ń kírun, kí orúnkún ya díẹ̀, jẹ́ ibi tó dára láti ti máa mí bẹ́ẹ̀. Lílóṣòó pẹ̀lú ọwọ́ lára fírémù ilẹ̀kùn náà dára, bí kò bá fi kún ìrora.

Ìgbẹ́ líle ni ọ̀tá tó sún mọ́ iṣan yìí jù. Bí èèyàn ṣe ń rọ́kún ló ń fà á. Omi púpọ̀, ilá, ẹ̀fọ́, ẹ̀wà, ìbẹ́pẹ tó pọ́n, ọsàn pẹ̀lú awọ inú rẹ̀. Kí ẹ má jẹ́ kí búrẹ́dì funfun jẹ́ oúnjẹ àárọ̀ lójoojúmọ́. Ṣáláńgá tí a ń lóṣòó lé dára ju àwo ìjókòó lọ fún èyí. Bó bá jẹ́ àwo ni ẹ ní, ẹ gbé àpótí kékeré sábẹ́ ẹsẹ̀.

Ohun tí ẹ lè fi kún un àti èyí tí ẹ gbọ́dọ̀ sá fún

Paracetamol kì í fi bẹ́ẹ̀ ran ìrora iṣan lọ́wọ́, diclofenac náà kì í ṣe púpọ̀, ó sì lè dá ọgbẹ́ sí inú, kó sì ba kíndìnrín jẹ́. Dókítà lè kọ amitriptyline kékeré, 10 tàbí ìlàjì hóró 25, fún alẹ́. Ó ń mú ìrora iṣan rọlẹ̀, ó sì ń ran oorun lọ́wọ́, àmọ́ ó lè mú ìgbẹ́ le, kó sì há ìtọ̀, kò sì yẹ gbogbo ẹni tí àyà ń dùn. Wọ́n ń kọ gabapentin àti pregabalin náà. Ẹ béèrè dáadáa kí ẹ tó gbà wọ́n: àwọn náà ń di bárakú, àwọn náà kò ṣeé já lójijì, wọ́n sì lè fa oorun àsùnwọra bí wọ́n bá bá oògùn oorun pàdé.

Tramadol ni kí ẹ sá fún jù. Ó lè fa gìrì, ìjáwọ́ nínú oògùn oorun náà sì lè fa gìrì. Bó bá sì bá diazepam pàdé, èémí lè dúró lójú oorun. Kódíìnì bẹ́ẹ̀ náà, èyí tí ìjọba àpapọ̀ fòfin de nínú oògùn ikọ́ olómi ní 2018. Páráágà tí wọ́n ń tà ní gáréèjì Orè àti àgbo jẹ̀dí tí wọ́n fi ògógóró rẹ kò yàtọ̀: ọtí ń ṣiṣẹ́ níbi kan náà tí oògùn oorun ti ń ṣiṣẹ́. Ìtura wákàtí méjì ni, ìrora ọjọ́ kejì á sì jù ti àná lọ. Asofẹ́yẹjẹ tí àwọn oníṣègùn ń lò fún orí tó gbóná ní èròjà reserpine nínú. Ó ń wọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀, ó sì lè mú ọkàn rẹ̀wẹ̀sì, ẹ má pò ó mọ́ ọn. Obì, kọfí àti ohun mímu amárale ń ta iṣan jí; bí ẹ kò bá lè fi obì sílẹ̀, ẹ má jẹ ẹ́ lẹ́yìn ọ̀sán.

Ilé àti ilé ìwòsàn

Ẹ bá ẹnì kan nínú ilé sọ ọ́. Ìrora ibi tí a kì í dárúkọ ń sọni di àdáwà, nígbà tí ìjáwọ́ náà sì tún ń dẹ́rù bani. Tọkọtaya gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún ara wọn pé ìbálòpọ̀ lè dá ìrora sílẹ̀ fún ọjọ́ kan tàbí méjì lẹ́yìn rẹ̀. Bí a kò bá sọ ọ́, ọ̀kan á rò pé wọ́n kórìíra òun. Kí ẹni tí ẹ sọ fún bá yín tọ́jú oògùn náà, kó máa fún yín ní ti ọ̀sẹ̀ kan, kó sì mọ ohun tó máa ṣe bí gìrì bá dé: kó fi yín dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó má fi ṣíbí sí yín lẹ́nu, kó wá ọkọ̀. Bí èrò ikú bá ń wá sí yín lọ́kàn, ẹ sọ ọ́ jáde fún un lọ́jọ́ náà, kí ẹ jọ lọ sílé ìwòsàn. Ìjáwọ́ lè gbé irú èrò bẹ́ẹ̀ wá bá ẹni tí kò rò ó rí. Ó máa ń lọ bí ara bá ti ń balẹ̀, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ẹ dá nìkan dúró dè é.

Ilé ìwòsàn ìjọba ní Orè ni ẹ máa ti bẹ̀rẹ̀, fún àyẹ̀wò àti ìwé ìgbésókè. Láti ibẹ̀, ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ti yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn, UNIMED, wà ní ìlú Oǹdó. Ẹ béèrè dókítà iṣan àti àwọn tó ń fi ìfọwọ́tọ́jú àti eré ara ṣe ìwòsàn, kí ẹ sì béèrè tààrà bóyá ẹnì kan láàárín wọn ń tọ́jú ìsàlẹ̀ ìdí. Fún ìjáwọ́ gan-an, àwọn dókítà ọpọlọ ló mọ̀ ọ́n jù. Ilé ìwòsàn Aro ní Abẹ́òkúta, tí Adéoyè Lambo sọ di olókìkí láti 1954, ṣì ń gba àwọn tí oògùn ti di bárakú fún. Lílọ síbẹ̀ kò sọ yín di wèrè. Òfin ìlera ọpọlọ tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ 2023 ti gba ipò òfin ayé àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ó sì fún ẹni tó bá lọ gba irú ìtọ́jú yìí ní ẹ̀tọ́ pé kí wọ́n bọ̀wọ̀ fún un.

Ẹ mú ìwé kékeré kan dání. Ojú ewé kan fún ọ̀sẹ̀ kan: ìwọ̀n oògùn, ìrora láti òdo sí mẹ́wàá, wákàtí tí ẹ fi jókòó, bóyá ẹ yàgbẹ́, wákàtí oorun. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ìwé yẹn á fi ohun tí ojú kò rí hàn yín. Ìrora yìí kì í lọ lọ́nà tó gún. Ó máa ń fún yín ní ọjọ́ mẹ́rin tó dára, á tún padà wá fún mẹ́ta, ẹni tí kò kọ ọ́ sílẹ̀ á sì rò pé òun kò tíì kúrò lójú kan. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni ara wọn ń balẹ̀ láàárín oṣù díẹ̀ lẹ́yìn hóró tó gbẹ̀yìn. Ashton fojú bù ú pé nínú àwọn tó lò ó pẹ́, bíi 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún ni àmì kan máa ń bá rìn pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, òun náà sì rí i pé ó máa ń dín kù bí ọjọ́ ti ń lọ.

Nígbà tí hóró tó gbẹ̀yìn bá ti lọ, ẹ ṣì máa jókòó lórí fóòmù yẹn, ẹ ṣì máa mí láàárọ̀ àti lálẹ́ fún oṣù mẹ́ta sí i, nítorí ẹran ara máa ń pẹ́ kó tó gbàgbé híhá. Èyí tó bá ṣẹ́kù nínú páálí, ẹ dá a padà fún apòògùn. Aládùúgbò tó bá wá sọ fún yín pé òun kò rí oorun sùn láti ọjọ́ mélòó kan, ẹ jókòó tì í, ẹ gbọ́ ohun tó ń dùn ún, ṣùgbọ́n ẹ má fún un ní ọ̀kankan.